Ìka, Ike Ìdọ̀tí àti Bọ́tìnnì Mẹ́sàn-án: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Gba Iṣẹ́ Lọ́wọ́ Àmì Nínú Baseball

 

Ọ̀rọ̀ baseball la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀, mo mọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ la mọ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ wa ò rí baseball rí àfi nínú fíìmù Amẹ́ríkà. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ fún mi díẹ̀, torí ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju igi àti bọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Báwo lẹ ṣe máa bá ẹnì kejì yín sọ̀rọ̀ lójú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń figa gbága, níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, tí ẹni náà ò sì ní mọ ohun tẹ́ ẹ sọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó ń ṣeré. Ẹnì kan dúró sórí òkìtì kékeré láàárín pápá, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ajubọ́ọ̀lù. Ẹnì kejì lóṣòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó de akoto, ó fi irin bo ojú, ó ń hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù. Ahánbọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan náà làwọn méjèèjì. Alátakò wọn ló wá dúró síwájú ahánbọ́ọ̀lù pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù náà lọ jìnnà. Onígi la ó máa pe ìyẹn.

Láti ọ̀dọ̀ ajubọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ onígi, mítà 18 àti díẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù tó bá ń sáré máìlì 95 ní wákàtí kan á ti dé ibẹ̀ láàárín nǹkan bí 0.4 ìṣẹ́jú àáyá. Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú tán, ó ti kọjá. Bọ́ọ̀lù yẹn ò sì ní wá bákan náà nígbà gbogbo. Nígbà míì á wá tààrà pẹ̀lú agbára. Nígbà míì á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi pé ẹnì kan fà á. Òmíràn á já wálẹ̀ lójijì. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni èyí tó jọ pé ó ń sáré, àmọ́ tó ń rọra bọ̀, tí onígi á ti ju igi kí bọ́ọ̀lù tó dé, tí gbogbo pápá á sì máa fi rẹ́rìn-ín.

Torí náà, onígi tó bá ti mọ̀ ṣáájú irú èyí tó ń bọ̀ ti jáde nínú ìdààmú kó tó gbé igi sókè. Ajubọ́ọ̀lù àti ahánbọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, torí bí ahánbọ́ọ̀lù bá ń retí èyí tó wá tààrà, tí èyí tó já wálẹ̀ wá dé, ó lè gbà á lára. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ la ẹnu.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìka ọwọ́. Ahánbọ́ọ̀lù á lóṣòó, á ki ọwọ́ sáàárín itan, á na ìka. Ìka kan sábà máa ń jẹ́ bọ́ọ̀lù tó yára, méjì fún èyí tó ń já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ajubọ́ọ̀lù á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kó gbọn orí pé òun ò fẹ́ ìyẹn, kí ahánbọ́ọ̀lù mú òmíràn wá. Àwọn ahánbọ́ọ̀lù kan tiẹ̀ máa ń kun èékánná wọn ní àwọ̀ tó ń tàn kí ajubọ́ọ̀lù lè rí i lálẹ́. Ọkùnrin gìrìwò pẹ̀lú èékánná ọsàn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé Yorùbá, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí yín. Ẹ rántí ìgbà tí àlejò bá ní kẹ́ ẹ wá jẹun, tí ìyá yín kàn wò yín lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ sì ní, "Ẹ ṣé sà, mo ti yó." Kò sí ẹni tó gbọ́ ohunkóhun. Ìwọ̀nyẹn láàárín ìyá àti ọmọ ni ahánbọ́ọ̀lù àti ajubọ́ọ̀lù ń ṣe níye ìgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú eré kan ṣoṣo.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú alátakò náà ń ríran. Nínú baseball, bí ẹgbẹ́ onígi bá rìn dáadáa, ọ̀kan nínú wọn á ti dé béèsì kejì, tó wà lẹ́yìn ajubọ́ọ̀lù gan-an. Láti ibẹ̀, ó ń wo àárín itan ahánbọ́ọ̀lù kedere. Bó bá ka ìka náà tó sì yé e, ó lè fi ọwọ́ kan akoto rẹ̀, kí onígi mọ ohun tó ń bọ̀. Òfin ò lòdì sí ìyẹn. Ojú rẹ ni, ọpọlọ rẹ ni, bó o bá lè rí i, o ti rí i nìyẹn. Nítorí ìdí èyí ni àwọn ahánbọ́ọ̀lù ṣe máa ń na ìka mẹ́rin márùn-ún tẹ̀léra wọn tí ẹnì kan bá ti wà ní béèsì kejì, tó jẹ́ pé ọ̀kan péré ló jẹ́ òótọ́, ìyókù kàn wà láti fi tan ni. Àrokò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú.

Ohun tí òfin lòdì sí ni pé kí ẹ̀rọ bá ojú ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, wàhálà náà sì pẹ́ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Lọ́dún 1900, ẹgbẹ́ Philadelphia fi ọ̀kan lára àwọn ahánbọ́ọ̀lù wọn, Morgan Murphy, sínú yàrá kan lẹ́yìn pápá pẹ̀lú awò amọ́nàjíjìn. Wọ́n ri wáyà iná mọ́ abẹ́ ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé ibi tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ń dúró sí nítòsí béèsì kẹta. Bí Murphy bá rí ìka, á tẹ bọ́tìnnì, ilẹ̀ á gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó dúró níbẹ̀, òun náà á sì ta onígi lólobó. Tommy Corcoran ti ẹgbẹ́ Cincinnati ló fura. Ó fi bàtà onírin rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ láàárín eré, ó sì hú àpótí náà jáde lójú gbogbo èèyàn. Lọ́dún 1951, ẹgbẹ́ Giants ti New York tún ṣe irú ẹ̀: awò amọ́nàjíjìn láti yàrá wọn lẹ́yìn pápá, aago iná láti fi ránṣẹ́. Ọdún yẹn ni Bobby Thomson gbá bọ́ọ̀lù tó gbé wọn dé àṣekágbá, ọ̀kan lára àwọn bọ́ọ̀lù tó lókìkí jù nínú ìtàn eré náà. Ọdún 2001 ni ìwádìí ìwé ìròyìn Wall Street Journal tó tú àṣírí awò náà síta délẹ̀délẹ̀. Àádọ́ta ọdún gbáko!

Ṣùgbọ́n èyí tó ba gbogbo nǹkan jẹ́ pátápátá ni ti Houston Astros.

Lọ́dún 2017, Astros gba ife-ẹ̀yẹ World Series, àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ni Mike Fiers, ajubọ́ọ̀lù tó wà pẹ̀lú wọn lọ́dún náà, jẹ́wọ́ fún akọ̀ròyìn The Athletic. Ohun tó sọ rọrùn débi pé ó dójú tini. Kámẹ́rà kan wà lẹ́yìn pápá nílé wọn tó ń wo ìka ahánbọ́ọ̀lù àlejò. Àwòrán rẹ̀ ń jáde lórí tẹlifíṣọ̀n kan nítòsí bẹ́ńṣì wọn. Ẹni tó ń wò ó á fi igi lu ike ìdọ̀tí, gbàm, kí onígi gbọ́. Tí ariwo bá dún, bọ́ọ̀lù tó rọra tàbí tó ń yà ló ń bọ̀. Tí ò bá dún, èyí tó yára ni. Ẹ wò ó o: kámẹ́rà olówó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀, ike ìdọ̀tí ní ìparí.

Olólùfẹ́ Astros kan jókòó, ó gbọ́ fídíò àwọn eré tí wọ́n gbá nílé lọ́dún náà, bọ́ọ̀lù tó lé ní 8,200. Ó gbọ́ ariwo ike náà nídìí 1,143 nínú wọn. Eré tó pọ̀ sí jù ni ti ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, tí wọ́n bá Toronto gbá. Ìgbà 54.

Nínú eré yẹn gan-an ni Mike Bolsinger, ajubọ́ọ̀lù Toronto, wọlé. Bọ́ọ̀lù 29 ló jù. Onígi kan ṣoṣo ló rí lé kúrò, ayò mẹ́rin sì wọlé lórí ẹ̀. Toronto dá a padà sí líìgì kékeré lẹ́yìn eré náà, kò sì tún gbá nínú líìgì àgbà mọ́ títí di òní. Oṣù Kejì ọdún 2020 ló gbé Astros lọ sílé ẹjọ́. Èmi ò lè sọ fún yín pé ike ìdọ̀tí ló pa iṣẹ́ ọkùnrin yẹn. Ajubọ́ọ̀lù míì á ti gbá burúkú láìsí ike kankan. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ ò lè mọ̀ láéláé. Ẹnì kan ṣí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kó tó kà á, wọ́n sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ díwọ̀n ẹ̀bùn rẹ̀.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ọ̀gá líìgì, Rob Manfred, gbé ìdájọ́ jáde. Owó ìtanràn mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù fún ọdún méjì, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dá akọ́nimọ̀ọ́gbá A.J. Hinch àti ọ̀gá àgbà Jeff Luhnow dúró fún ọdún kan, ẹni tó ni ẹgbẹ́ sì lé àwọn méjèèjì lọ lọ́jọ́ náà. Wọn ò fìyà jẹ agbábọ́ọ̀lù kankan, torí wọ́n ti ṣèlérí fún wọn kí wọ́n lè sọ òótọ́. Wọn ò sì gba ife náà padà. Ẹ̀yin ẹ máa jiyàn lórí ìyẹn nínú WhatsApp yín.

Látìgbà yẹn, ìka ò ṣeé fọkàn tán mọ́. Kó tiẹ̀ tó di pé àṣírí tú ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n: gbogbo pápá ló kún fún kámẹ́rà, ahánbọ́ọ̀lù wá ń na ìka bíi pé ó ń ṣírò owó, ajubọ́ọ̀lù ń ka ìwé kékeré tó tọ́jú sínú fìlà, wọ́n ń rìn lọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ létí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Líìgì ní láti fòfin dín ìrìn yẹn kù sí mẹ́fà fún ẹgbẹ́ kan nínú eré lọ́dún 2018, ó tún di márùn-ún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Eré tó ti pẹ́ tẹ́lẹ̀ tún wá ń pẹ́ sí i.

Àwọn wo ló wá yanjú ẹ̀? Àwọn onídán. Mi ò ṣàwàdà. Craig Filicetti àti John Hankins, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ PitchCom, inú iṣẹ́ idán ni wọ́n ti wá. Filicetti ló ń ṣe àwọn ẹ̀rọ tí onídán fi ń gba ọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lórí ìtàgé, Hankins sì jẹ́ irú onídán tó ń "ka ọkàn" àwọn òǹwòran. Ta ló tún mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn jù wọ́n lọ?

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ahánbọ́ọ̀lù so pátákó kékeré kan mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́sàn-án ló wà lára ẹ̀. Ó tẹ irú bọ́ọ̀lù tó fẹ́, ó tẹ ibi tó fẹ́ kó gbà. Nínú fìlà ajubọ́ọ̀lù, sípíkà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń fi ohùn ránṣẹ́ gba inú egungun orí, tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò ní gbọ́. Ó gbọ́ ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: "bọ́ọ̀lù tó yára, òkè, inú." Ahánbọ́ọ̀lù náà ní tiẹ̀ nínú akoto, àwọn mẹ́ta míì lára àwọn tó ń ṣọ́ pápá lẹ́yìn náà sì lè ní. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ti ọ̀rọ̀ náà pa, bí WhatsApp ṣe ń ti ọ̀rọ̀ yín pa. Kí kámẹ́rà máa wo ìka títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ìka tó máa rí.

Wọ́n dán an wò nínú líìgì kékeré kan ní California lọ́dún 2021. Líìgì àgbà gbà á wọlé fún sáà 2022. Kò pọn dandan, àmọ́ kò pẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń lò ó. Nígbà tó di 2023, tí wọ́n gbé aago kalẹ̀ pé ajubọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, tàbí 20 tí ẹnì kan bá wà lórí béèsì, ta ló tún máa ráyè ka ìka márùn-ún? Lọ́dún 2022, eré kan ń gba nǹkan bíi wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 4. Lọ́dún 2023, ó bọ́ sí wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Aago ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ inú fìlà ló jẹ́ kí aago náà ṣeé fara dà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa ẹ̀ ni ti èdè. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù nínú líìgì yẹn ló wá láti Dominican Republic, Venezuela, Cuba, Japan, Kòríà. Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì ló kọ́kọ́ wà nínú PitchCom, àmọ́ torí pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, èdè tó bá wù yín lẹ lè fi sí i. Ahánbọ́ọ̀lù tẹ bọ́tìnnì kan náà, ẹnì kan gbọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kejì gbọ́ ọ ní èdè Sípéènì. Lọ́jọ́ tí ọmọ Ìbàdàn bá dé orí òkìtì yẹn, kí wọ́n pè mí, mo ti ṣe tán láti gba ohùn sílẹ̀: "Egbò! Já a wálẹ̀ fún un!"

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo èèyàn ló dùn mọ́. Max Scherzer, ọ̀kan lára àwọn ajubọ́ọ̀lù tó dára jù ní ìran rẹ̀, lo ẹ̀rọ náà lọ́dún 2022, ó ní ó ń ṣiṣẹ́, ó ní ó ran òun lọ́wọ́, ó sì ní ó yẹ kí wọ́n fòfin dè é. Lójú tiẹ̀, kíka àmì ẹlòmíì àti fífi tìrẹ pa mọ́ jẹ́ ara eré náà. Mo ní láti sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹni tó dúró ní béèsì kejì, tó ń fi ojú lásán já àrokò alátakò, iṣẹ́ ọpọlọ ló ń ṣe. PitchCom ò dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Olè jalè, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ olè àti ọlọgbọ́n pa pọ̀.

Ohùn náà ò sì yọ nínú ewu. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2011, nínú eré karùn-ún àṣekágbá ní Texas, Tony La Russa, akọ́nimọ̀ọ́gbá St. Louis Cardinals, gbé tẹlifóònù bẹ́ńṣì láti pe ibi tí àwọn ajubọ́ọ̀lù àfirọ́pò ti ń gbára dì. Ó dárúkọ Rzepczynski àti Motte. Ariwo èrò pọ̀, Rzepczynski nìkan ni ẹni tó wà lẹ́yìn fóònù gbọ́. La Russa tún pè, ó ní Motte. Ẹni yẹn gbọ́ Lynn. Bí Lance Lynn, tí wọ́n ti fẹ́ kó sinmi, ṣe rìn dé orí òkìtì nìyẹn, tí La Russa ń wò ó bíi pé ó rí iwin. Wọ́n pàdánù eré náà 4 sí 2. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n padà gba ife. Ariwo èrò yẹn ò tíì lọ síbì kankan. Tí pápá bá ti gbóná gan-an, ẹ máa rí ajubọ́ọ̀lù tó fi ìbọ̀wọ́ di etí kó lè gbọ́ ohun tí fìlà ń sọ. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ pátápátá, wọ́n á padà sí ìka. Ìka ò nílò bátìrì.

Èyí tó yẹ ká ṣọ́ jù, nínú èrò tèmi, ni ẹni tó di bọ́tìnnì mú. Nínú líìgì àgbà, agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí pápá nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Láti 2023, ajubọ́ọ̀lù náà lè wọ pátákó tiẹ̀, Shohei Ohtani sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń pe bọ́ọ̀lù fúnra wọn. Nínú eré àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ọ̀tọ̀ ni. Níbẹ̀, wọ́n gba akọ́nimọ̀ọ́gbá láyè láti jókòó sí bẹ́ńṣì kó sì fi ẹ̀rọ sọ bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa jù. Ọmọ ogún ọdún tó ń hán bọ́ọ̀lù níbẹ̀ lè gbá sáà kan tán láì fi ọpọlọ tiẹ̀ yan bọ́ọ̀lù kan. Nígbà tí iṣẹ́ bá wà nínú ìka, ẹni tó ni ìka ló ní láti ronú. Ẹ̀rọ lè gbé ìrònú yẹn lọ síbi tó bá wu ẹni tó ni agbára, láìsí ẹni tó máa rí i lójú.

Àmì ọwọ́ ò sì tíì kú o. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wà ní béèsì kẹta ṣì ń fọwọ́ kan imú, etí, àyà, bẹ́líìtì, bí ẹni tí èèrà ń jẹ. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, líìgì sì fọwọ́ sí ètò tuntun fún sáà 2026: tí rẹfirí bá dájọ́ lórí bọ́ọ̀lù kan, tí ajubọ́ọ̀lù, ahánbọ́ọ̀lù tàbí onígi rò pé kò rí i dáadáa, wọ́n lè ní kí ẹ̀rọ àti kámẹ́rà yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní méjì, èyí tó bá sì jàre ò ní pàdánù tiẹ̀. Báwo ni wọ́n á ṣe pe ẹ̀rọ yẹn? Kò sí bọ́tìnnì, kò sí sípíkà. Agbábọ́ọ̀lù á gbé ọwọ́ sókè, á fi gbá orí ara rẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.